Kòkòrò kan náà ni HIV: kí ló wá kan ọkùnrin tàbí obìnrin níbẹ̀?

Ìbéèrè: Kòkòrò apa sójà ara kì í yan ẹni tó máa wọ̀ lára. Kí ló dé tí wọ́n fi ní ká máa wo ti ọkùnrin lọ́tọ̀, ti obìnrin lọ́tọ̀?

Ìdáhùn: Torí pé ọ̀nà tó ń gbà bá wọn yàtọ̀. Bí wọn ò bá lo rọ́bà ìdáàbòbò nígbà ìbálòpọ̀, obìnrin ló tètè ń kó o, nítorí pé àtọ̀ máa ń pẹ́ lójú ara rẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ara nìkan kọ́. Ọmọbìnrin tí àgbà ọkùnrin ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, ẹnu wo ni yóò fi ní kó lo rọ́bà? Ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà, àwọn ọmọbìnrin ọdún 15 sí 24 ń kó o ju ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ó lé.

Ìbéèrè: Èéṣe tí ọkùnrin tó ní i fi wá sún mọ́ ikú ju obìnrin tó ní i lọ?

Ìdáhùn: Ibí yìí lọ̀rọ̀ wà. Bí obìnrin bá lóyún, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń mọ̀. Ta ló ń pe ọkùnrin? Ẹ wò ó bó ṣe yọjú sí ilé ìwòsàn: aláboyún àti abiyamọ ló kún orí bẹ́ǹṣì, àwòrán ìyá àti ọmọ ló kún ara ògiri. Ó ní òun ń bọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà tó máa padà wá, wọ́n ń gbé e wá ni. A ti tọ́ ọ dàgbà pé akọ kì í ṣàárẹ̀, kò sì yẹ ká dá òun nìkan lẹ́bi. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún un lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ sì fún un ní ohun èlò àyẹ̀wò tó lè fúnra rẹ̀ lò nílé, èyí tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti fọwọ́ sí láti ọdún 2016.

Ìbéèrè: Ṣé bí obìnrin ṣe ń tètè mọ̀ kì í ṣe àǹfààní fún un?

Ìdáhùn: Àǹfààní ni, pàápàá fún ọmọ. Láìsí oògùn, ọmọ 15 sí 45 nínú 100 ló lè kó o lára ìyá. Bí ìtọ́jú bá wà, wọn kì í pé 5. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀ ni wọ́n ń sọ pé ó gbé e wọlé. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń da oògùn kúrò nínú ike, nítorí ike a máa dún nínú báàgì, tí wọ́n á dì í sínú áńkáṣíìfù, tí wọ́n á sì lọ gbé e mì ní balùwẹ̀. Bí kò bá ráàyè gbé e mì, kòkòrò náà á tún máa pọ̀ sí i. Kí nọ́ọ̀sì tó ní kó lọ sọ fún ọkọ, kó kọ́kọ́ bi í pé: “Bí ẹ bá sọ fún wọn, ṣé wọn ò ní lù yín?”

Ìbéèrè: Bí ọkọ bá kọ̀ láti lo rọ́bà ńkọ́?

Ìdáhùn: Ohun tí obìnrin lè lò láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ti wà: oògùn ojoojúmọ́ tó ń dènà rẹ̀, àti abẹ́rẹ́ lenacapavir tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Nínú ìwádìí tó jáde ní 2024 láti South Africa àti Uganda, obìnrin tó gba abẹ́rẹ́ yìí lé ní 2,000, ẹyọ kan ò kó o nínú wọn. Ọkọ tó bá sì ní i, tó ń lo oògùn déédéé títí àyẹ̀wò ò fi rí kòkòrò náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò lè kó o ran ìyàwó nípasẹ̀ ìbálòpọ̀.