Ìgbà Wo Ni Ojú-Ìwé Ń Jinná? Ohun Tí À Ń Yàn Gan-an Nígbà Tí A Bá Ń Yan Sọ́fítíwíà Ìkànnì

Ẹni tó bá fẹ́ ní ìkànnì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ yíyan sọ́fítíwíà láti ibi tí kò yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìrísí. Yóò ṣí àwọn àpẹẹrẹ tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ sílẹ̀, yóò wo àwọ̀, yóò wo àwòrán ńlá tó wà lókè, yóò sì sọ pé èyí ló wu òun. Bẹ́ẹ̀ ìrísí, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní theme, ni ohun tó rọrùn jù lọ láti pààrọ̀ nínú gbogbo ètò náà. Ohun méjì ló máa ń ṣòro láti pààrọ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nígbà tí ohun tí a kọ síbẹ̀ bá ti pọ̀: ìgbà tí sọ́fítíwíà náà ń ṣe ojú-ìwé, àti ọwọ́ ẹni tí àwọn ohun tí a kọ wà. Orí méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ yóò dá lé níhìn-ín. Ní ti bí a ṣe ń ra orúkọ ìkànnì àti bí a ṣe ń san owó ibi tí yóò máa gbé, ẹnikẹ́ni tó ń tà á yóò ṣàlàyé rẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Kí a mú WordPress, nítorí òun ló gbilẹ̀ jù; ó lé ní ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá gbogbo ìkànnì àgbáyé tó ń lò ó. Matt Mullenweg àti Mike Little ló gbé e jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2003 láti ara sọ́fítíwíà kan tó ti wà ṣáájú tí ń jẹ́ b2. Èdè kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ PHP ni wọ́n fi kọ ọ́, inú database MySQL, ìyẹn àká tí a ń to ìsọfúnni sí ní tábìlì-tábìlì, ló sì ń kó ohun tí a bá kọ sí. Ohun tí ọ̀pọ̀ tó ń lò ó kò mọ̀ ni pé kò sí ojú-ìwé kankan nínú rẹ̀. Kò sí fáìlì kan tó ń jẹ́ "Nípa Wa" tó jókòó síbì kan tó ń retí àlejò. Ègé-ègé ni ohun gbogbo wà: àkòrí àti ọ̀rọ̀ wà nínú tábìlì kan nínú database, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà nínú òmíràn, ìdáhùn àwọn òǹkàwé wà lọ́tọ̀, ètò ìkànnì náà wà lọ́tọ̀. Nígbà tí ẹnì kan bá tẹ àdírẹ́sì náà lórí fóònù rẹ̀ ni PHP yóò tó jí, tí yóò ka ètò, tí yóò pe gbogbo plugin, ìyẹn àwọn sọ́fítíwíà kéékèèké tí a fi kún un, tí yóò bi database ní ìbéèrè tó lè ju ogún lọ dáadáa, tí yóò rán àwọn ègé náà pọ̀ di HTML tí bráúsà ń kà, tí yóò fi ránṣẹ́, tí yóò sì gbàgbé pé òun ṣe ohunkóhun. Bí ẹlòmíràn bá tẹ àdírẹ́sì kan náà ní ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́yìn èyí, gbogbo rẹ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Alámàlà tó ń ro àmàlà fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Oníbàárà wọlé, ó gbé omi kaná, ó da èlùbọ́ sí i, ó rò ó, ó bù ú. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó gbóná, àti pé oníbàárà lè sọ bí òun ṣe fẹ́ ẹ: kí ó rọ̀, kí ó le, kí gbẹ̀gìrì pọ̀ ju ewédú lọ. Ìkànnì tó ń ta ọjà kò lè ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí oníbàárà kan kó sínú apẹ̀rẹ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú ti ẹnì kejì. Wàhálà rẹ̀ ni ọjọ́ tí ẹnì kan bá fi àdírẹ́sì náà sórí WhatsApp tí èrò ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ìkòkò kan ló wà lórí iná, ọmọorogùn kan ló sì wà lọ́wọ́ alámàlà.

Ẹlẹ́kọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti se é, tó ti fi ewé pọ́n ọn, tó ti tò ó sínú igbá. Ẹni tó bá dé, a nawọ́ mú un fún un ni. Ọ̀nà ẹlẹ́kọ yìí sì ti pẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Movable Type, tí Ben àti Mena Trott gbé jáde ní ọdún 2001, ń ṣe bẹ́ẹ̀: bí òǹkọ̀wé bá ti fi àpilẹ̀kọ pamọ́, sọ́fítíwíà náà yóò tún gbogbo ojú-ìwé tó kàn án ṣe, yóò sì gbé e kalẹ̀ bíi fáìlì HTML gidi. Bí àpilẹ̀kọ bá ti pọ̀, òǹkọ̀wé á jókòó máa retí kí ó parí. WordPress dé, a tẹ bọ́tìnnì, ohun tí a kọ hàn lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí Movable Type wá yí àdéhùn àti owó rẹ̀ padà ní ọdún 2004, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé kó ẹrù wọn lọ sí WordPress. Ohun tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ nígbà náà ni pé ìdúró yẹn kò parẹ́ o. WordPress gbà á lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, ó sì gbé e lé òǹkàwé lọ́wọ́.

Tom Preston-Werner gbé Jekyll jáde ní ọdún 2008, Steve Francia gbé Hugo jáde ní ọdún 2013, ọ̀nà ẹlẹ́kọ sì padà wá sójú táyé. Hugo lè se ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú-ìwé láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, nítorí náà ìdí tí a fi sá kúrò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò sí mọ́. Lórí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó gbé irú ìkànnì bẹ́ẹ̀, kò sí PHP tó ń ṣiṣẹ́, kò sí database tí olè lè já wọ̀, èyí tó jẹ́ ìtura ńlá fún ẹni tó mọ̀ pé ara plugin ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlàfo ààbò tí wọ́n ń kéde nípa WordPress ti ń yọ. Ìyà tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ibi tí akọ̀wé ìjọ tàbí ti ẹgbẹ́ yóò ti fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé láti ṣe àtúnṣe. Inú fáìlì ni yóò ti kọ̀wé, yóò sì mọ bí a ṣe ń fi àṣẹ kan ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà kí ó tó lè tún ìkànnì náà sè. Ibi tí òǹkàwé yóò ti máa dáhùn sí àpilẹ̀kọ, fọ́ọ̀mù tí wọn yóò máa kún, àti ibi ìwákiri, a ní láti wá wọn láti ibòmíràn.

Láàárín àwọn méjèèjì ni ohun tó dùn mọ́ni jù lọ wà, òun sì ni àwọn tó ń ta sọ́fítíwíà kì í ṣàlàyé dáadáa: cache. Alámàlà tí èrò ti dà láàmú rí máa ń rò ó sílẹ̀, á fi ọ̀rá wé e ní ẹyọ ẹyọ, á sì kó o sínú kúlà. Plugin tí a ń fi sínú WordPress kí ó lè yára, iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹnì kan bá béèrè ojú-ìwé, a óò ṣe é bí a ti ń ṣe, ṣùgbọ́n a óò tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì gba ẹ̀dà náà láìjẹ́ pé a jí PHP tàbí database. Ní kúkúrú, a ti sọ alámàlà di ẹlẹ́kọ láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, a sì ń sanwó fún un.

Ibi tí ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí ọbẹ̀ bá yí padà. Ká ní a tún àkòrí àpilẹ̀kọ kan ṣe. Ojú-ìwé àpilẹ̀kọ náà ti di àná, ìyẹn hàn gbangba. Ṣùgbọ́n àkòrí yẹn kan náà tún wà ní ojú-ìwé àkọ́kọ́ níbi tí a ti to àwọn àpilẹ̀kọ tuntun, ó wà ní ojú-ìwé ẹ̀ka rẹ̀, ó wà ní ojú-ìwé oṣù tí a kọ ọ́, ó wà lábẹ́ orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ó sì lè wà nísàlẹ̀ àwọn àpilẹ̀kọ mìíràn gẹ́gẹ́ bí èyí tó jọ wọ́n. Èwo ni ká dà nù nínú kúlà? Bí a bá da gbogbo rẹ̀ nù, èrò yóò tún bo ìkòkò. Bí a bá da díẹ̀ nù, ẹnì kan yóò rí àkòrí àtijọ́, ẹlòmíràn yóò rí tuntun, ẹni tó ni ìkànnì yóò sì máa pariwo pé òun ti tún un ṣe. Èyí tó tún léwu ju ìyẹn lọ ni ìkànnì ọjà: bí ojú-ìwé apẹ̀rẹ̀ tàbí ti ìsanwó bá wọ kúlà, ohun tí ẹnì kan fẹ́ rà, àní àdírẹ́sì ilé rẹ̀ pàápàá, lè bọ́ sójú ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń yọ àwọn ojú-ìwé bẹ́ẹ̀ kúrò nínú cache tí a bá ń lo WooCommerce, plugin tí a fi ń tajà lórí WordPress.

Ẹ̀sùn tí a ń fi kan WordPress pé ó lọ́ra kò tọ̀nà tó bí a ṣe ń sọ ọ́. WordPress tó wà lásán kò lọ́ra. Èyí tí a kó ọgbọ̀n plugin lé lórí, tí ọ̀kan ń fi òjò dídì hàn lójú ìwé nínú oṣù Kejìlá, ló lọ́ra. Ìkànnì ẹgbẹ́ tí ìkéde rẹ̀ ń yí padà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò nídìí láti máa ro àmàlà fún ẹnikẹ́ni. Ilé ìròyìn tó ní akọ̀ròyìn mẹ́wàá, tí wọ́n ń tún ìròyìn kan náà ṣe láti àárọ̀ di alẹ́, nílò database àti ibi ìwọlé, kí ó sì sanwó fún ẹni tó mọ cache dunjú.

Ibi kan wà tí ìrísí ti ṣe pàtàkì lóòótọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹni tó ń kọ Yorùbá kì í yẹ̀ wò kó tó sanwó. Lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà èdè gbogbo ní nọ́ńbà, ọ ní tirẹ̀, ṣ ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ tó ní àmì ohùn òkè kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. A lè kọ ọ́ bí ẹ tí àmì òkè tẹ̀lé, tàbí é tí àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀lé, tàbí e lásán tí àmì méjèèjì tẹ̀lé. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, àfi tí sọ́fítíwíà bá kọ́kọ́ sọ wọ́n di ọ̀kan, mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí akọ̀wé kan bá fi kíbọọ̀dù fóònù kọ "Ẹ̀kọ́", tí ẹnì kejì fi ti kọ̀ǹpútà kọ ọ́, ẹ̀ka méjì tó jọra délẹ̀ lè jáde lórí ìkànnì kan, kí ìwákiri sì máa rí ọ̀kan kó máa fo èkejì. Àdírẹ́sì náà ní tirẹ̀: bí sọ́fítíwíà bá fi àkòrí ṣe àdírẹ́sì láìyọ àmì kúrò, ṣ kan ṣoṣo lè di %E1%B9%A3 nígbà tí a bá dà á kọ ránṣẹ́, kí àkòrí ọlọ́rọ̀ márùn-ún wá gùn bí ẹsẹ̀ Ifá. Ó sàn kí a fúnra wa kọ àdírẹ́sì láìsí àmì kí a tó gbé àpilẹ̀kọ jáde. Ní ti lẹ́tà tí theme fi ń kọ àkòrí, ọ̀pọ̀ lára àwọn tó rẹwà jù ni kò ní ẹ tàbí ṣ nínú rárá. Bráúsà yóò yá a láti ibòmíràn, ọ̀rọ̀ kan yóò sì rí bí ohun tí ọwọ́ méjì kọ. Irú lẹ́tà tí ń jẹ́ Noto Sans gba àmì Yorùbá dáadáa, kò sì ní kí a san kọ́bọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọwọ́ ẹni tí ohun wa wà. Wix àti Squarespace, àwọn ilé-iṣẹ́ tí a ń kọ́ ìkànnì sórí server tiwọn, rọrùn láti lò, ẹni tí kò fẹ́ mọ nǹkan kan nípa server kò sì ṣe àṣìṣe bó bá lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkànnì tí a kọ́ sórí Wix kò ṣeé gbé kúrò níbẹ̀ lódindi lọ sí server ẹlòmíràn. Yahoo ra GeoCities, ibi tí àwọn ènìyàn ti ń kọ́ ìkànnì tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́, ní ọdún 1999, ó sì ti ìkànnì náà pa fún àwọn ará Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2009. Àìmọye ojú-ìwé tí àwọn ènìyàn fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ló bá a lọ, àyàfi èyí tí àwọn olùpamọ́ sáré dà kọ. WordPress náà kò mọ́ pátápátá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Fáìlì XML tó ń fún ẹni tó fẹ́ kó lọ ní ọ̀rọ̀ àti ìdáhùn òǹkàwé nínú, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì àwọn àwòrán ló ń kọ sílẹ̀, kì í ṣe àwòrán fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ti ti ìkànnì àtijọ́ pa kó tó gbé fáìlì náà wọ tuntun ti pàdánù àwòrán rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé irú plugin tí a fi ń to ojú-ìwé bí àga, irú WPBakery, la fi kọ́ ọ, ọjọ́ tí a bá yọ ọ́ ni a óò rí i tí àwọn kóòdù rẹ̀ wà káàkiri inú ọ̀rọ̀ wa.

Ìdánwò tó gbọ́n jù kò gba ju ọ̀sán kan lọ, ó sì yẹ kó ṣáájú owó. Nínú àkókò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fún ènìyàn, kí a kọ àpilẹ̀kọ kan tí àkòrí rẹ̀ ní àmì lórí àti nísàlẹ̀ dáadáa, bíi "Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ọ̀ṣọ́". Kí a fi àwòrán méjì sí i. Kí a fi fóònù wá a nínú ibi ìwákiri ìkànnì náà, nígbà kan pẹ̀lú àmì, nígbà kejì láìsí àmì. Lẹ́yìn náà, kí a wá bọ́tìnnì tí a fi ń kó ohun wa jáde. Bí ó bá wà, kí a ṣí fáìlì tó fún wa pẹ̀lú sọ́fítíwíà tí a fi ń ka ọ̀rọ̀ lásán, kí a wò ó bóyá àmì wa ṣì pé, bóyá àwòrán sì wà nínú rẹ̀ tàbí àdírẹ́sì rẹ̀ nìkan. Bí kò bá sí bọ́tìnnì náà, kí a kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà kí a bi wọ́n léèrè ibi tí ó wà, kí a sì tọ́jú èsì wọn.