Akàrokò ni, kì í ṣe olùgbà

Ó ti sú mi láti máa rí "olùgbà họ́mọ̀nù" nínú ìwé ìlera. "Hormone receptor" ni òyìnbó ń pè é: họ́mọ̀nù ni iṣẹ́ tí ẹ̀yà ara kan ń fi ẹ̀jẹ̀ rán sí òmíràn, receptor sì ni èròjà sẹ́ẹ̀lì tó ń dá iṣẹ́ náà mọ̀, tó ń jẹ́ ẹ. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ kàn wá ọ̀rọ̀ tó bá ti òyìnbó dọ́gba ni, ó fi olù- síwájú rẹ̀, ó sì lọ sùn. Kí ni olùgbà ń ṣe? Ẹni tó gba owó á ná an. Ẹni tó gba oúnjẹ á jẹ ẹ́. Ẹni tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára náà, olùgbà ni. Obìnrin kan mú ìwé àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọmú wá bá mi. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ fún un ní "olùgbà ẹ́sítírójìn rẹ dára". Ẹ́sítírójìn ni họ́mọ̀nù obìnrin; "positive" tí òyìnbó kọ, pé ó wà níbẹ̀ ni, ló sọ di "dára". Obìnrin náà ní, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbà á? Ṣé àrùn yẹn ti lọ ni?"

Àwọn tó ń kọ "rìsẹ́pítọ̀" ò ṣe mí ní nǹkan. Ẹgbẹ́ tó ń pè é ní "ihò kọ́kọ́rọ́" ni mò ń bá jà. Wọ́n ní họ́mọ̀nù ni kọ́kọ́rọ́, ara sẹ́ẹ̀lì ni ihò wà. Ó dáa. Bí kọ́kọ́rọ́ bá wọlé tán, ṣé ihò á gbéra, á lọ bá baálé sọ̀rọ̀ ní yàrá? Èyí tí à ń wí yìí ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ́sítírójìn bá ti bá a, òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ so mọ́ DNA, ìwé ìtọ́ni inú sẹ́ẹ̀lì, tó ń ní kí jíìnì báyìí, ìyẹn ìtọ́ni kan nínú ìwé náà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Akàrokò ni mo pè é. Ẹ ṣáà mọ àrokò. Ọmọkùnrin á so owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin: ẹ̀fà, ọkàn mi ń fà sí ọ. Bí ọ̀rọ̀ bá wọ ọmọbìnrin náà lára, á fi mẹ́jọ dáhùn: ẹ̀jọ, ọ̀rọ̀ wa jọ. Bí ìránṣẹ́ bá gba inú ọjà kọjá, ẹlẹ́kọ tó rí owó ẹyọ náà á rò pé wọ́n fẹ́ ra ẹ̀kọ ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà nìkan ni àyà rẹ̀ á já. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ́sítírójìn ń bá ẹ̀jẹ̀ yí gbogbo ara ká. Ilé-ọmọ ló ń dáhùn, torí pé akàrokò pọ̀ níbẹ̀. Owó ẹyọ ọ̀hún pé mẹ́fà kí wọ́n tó kà á. Wọ́n kà á tán, mẹ́fà náà ni.

Ọ̀rọ̀ owó ẹyọ mẹ́fà tó ṣì pé mẹ́fà yìí ni iṣẹ́ Elwood Jensen, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà. Fargo ní North Dakota ni wọ́n bí i sí ní 1920; kẹ́mísírì ló kà gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Chicago, ibẹ̀ náà ló sì padà sí ní 1947. Láyé ìgbà yẹn, àwọn àgbà nínú ìmọ̀ yìí gbà pé ẹ́ńsáìmù, èròjà tó ń sọ nǹkan kan di òmíràn nínú ara, ló ń lo ẹ́sítírójìn, tó ń yí i padà, kó tó lè ṣe ohunkóhun. Wọ́n ń ná owó ẹyọ nìyẹn. Jensen àti Herbert Jacobson wá fi tritium, ìyẹn háídírójìn tó ń tan ìtànṣán, sàmì sí ẹ́sítírójìn, wọ́n fún àwọn abo eku tí kò tíì bàlágà ní bíńtín. Ẹ̀dọ̀ àti iṣan jẹ́ kó kọjá lọ. Ilé-ọmọ dì í mú fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ohun tí wọ́n sì bá níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi síbẹ̀.

Jensen gbé àbájáde yìí lọ sí àpérò báyókẹ́mísírì àgbáyé ní Vienna ní 1958. Èèyàn márùn-ún ló wá gbọ́ ọ, mẹ́ta nínú wọn sì ni àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀ fúnra wọn. Àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún wà ní gbọ̀ngàn kejì, wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ́ńsáìmù. Ìtàn yìí máa ń tù mí nínú nígbà tí wọ́n bá ní èmi nìkan ló ń pe akàrokò.

Wọ́n máa ń yọ ibi tí ẹ́sítírójìn ti ń wá nínú ara àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú nígbà náà. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń rí ìtura, ìyókù jìyà lásán. Jensen ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo kókó jẹjẹrẹ náà bóyá akàrokò wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sí, kí ni wọ́n ń yọ? Àyẹ̀wò yẹn ló di gbajúmọ̀, tó sì wà lára ohun tí òun, Pierre Chambon àti Ronald Evans fi gba Lasker, àmì ẹ̀yẹ ńlá nínú ìmọ̀ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, ní 2004.

Ẹnìkan ní akàrokò á dàrú mọ́ apàrokò. Báwo? Apàrokò ló ń dì í, akàrokò ló ń tú u; ilé ẹyin obìnrin ni apàrokò tiwa. Òmíràn ní mo gbàgbé pé akàrokò ẹ́sítírójìn pé méjì, alífà àti bétà, láti 1996. N kò gbàgbé. Kí ẹni tó bá wù fi lẹ́tà sí i nídìí.

Mo tún ìwé obìnrin yẹn kà fún un: "Jẹjẹrẹ yìí ní akàrokò ẹ́sítírójìn." Mo sọ ti owó ẹyọ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ṣé kí wọ́n wá dì í lójú ni?" Oògùn tamoxifen ni wọ́n kọ fún un. Iṣẹ́ tó ń ṣe náà nìyẹn.