Bí Lésà Ṣe Dé Ìdí Lílẹ̀ Awọ Ojú

Ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1905 ni Dókítà Eduard Zirm mú kọ́níà ọmọdékùnrin kan ní ìlú Olomouc, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú alágbàṣe kan tí ẹfun ti jó lójú méjèèjì. Ojú kan kọ̀ ọ́. Èkejì gbà á, ọkùnrin náà sì padà ríran. Kọ́níà ni awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú. Láàárín, kò nípọn ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ.

Abẹ róbótó ni wọ́n fi ń gé e láti ìgbà náà, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa bó bá jẹ́ àárín ojú ló bàjẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn àìsàn kan wà tó jẹ́ pé etí kọ́níà ni wọ́n máa ń jẹ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí irú èyí tí Félix Terrien ará Faransé ṣàpèjúwe lọ́dún 1900. Ibi tó fẹ́lẹ́ náà máa ń tẹ̀ bí oṣù tuntun. Abẹ róbótó tó kéré kò ní ká a. Èyí tó tóbi á sún mọ́ funfun ojú, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ wà, tí ara ti tètè ń kọ awọ ẹlòmíì. Ọwọ́ ni dókítà wá ń fi gbẹ́ ihò, tí á tún fi gé èyí tó máa dí i. Ẹ wo bí yóò ti ṣòro tó kí méjèèjì bára mu.

Èèṣì ló bá wọn yanjú ẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, lésà, ìyẹn ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ tó lágbára, ta sí ojú akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yàrá ìwádìí Gérard Mourou, onímọ̀ físíìsì, ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí Ron Kurtz, dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ojú lọ́wọ́, yẹ ojú náà wò, ọgbẹ́ kékeré tó rí róbótó geere ló bá níbẹ̀. Ó béèrè irú lésà tó ṣe é. Ìtànṣán rẹ̀ kì í pẹ́ rárá: ẹ pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí bílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù, ìwọ̀nba irú ìdá bẹ́ẹ̀ ló ń lò, nítorí náà kì í ráyè jó ohun tó yí i ká. Kurtz àti Tibor Juhasz, onímọ̀ físíìsì, dá ilé-iṣẹ́ IntraLase tó ń ṣe irú lésà yìí sílẹ̀ lọ́dún 1997. Iṣẹ́ abẹ àwọn tó fẹ́ bọ́ awò ojú sọnù ni wọ́n kọ́kọ́ lo lésà náà fún, kó tó kan lílẹ̀ kọ́níà.

Kọ̀ǹpútà ló ń ya àwòrán ibi tí wọ́n máa gé. Lésà á ta ìfófòó wínníwínní tò sínú kọ́níà, awọ á sì là níbẹ̀. Àwòrán kan náà ni wọ́n ń lò fún kọ́níà olóògbé tó ta á lọ́rẹ. Òwú àti abẹ́rẹ́ ni wọ́n ṣì fi ń rán an. Bí etí náà bá sì ti fẹ́lẹ́ jù, tàbí àpá ti bò ó tí ìmọ́lẹ̀ ò fi lè gbà á kọjá dáadáa, oníṣẹ́ abẹ á gbé abẹ àtijọ́.