Àyíkù ni orúkọ ẹ̀, ẹ yéé pè é ní "yíyí lábẹ́"

Mo ti ń mú un mọ́ra tipẹ́ ṣùgbọ́n ó ti wá sú mi báyìí. Gbogbo ìgbà táwọn ọmọbìnrin júníọ̀ bá ti ń fi bàtà onírin díje lórí yìnyín (figure skating), tí ọ̀kan bá fò tí kò yí pé, kíá lẹ máa rí àwọn èèyàn wa tí wọ́n á kọ ọ́ pé "ó yí lábẹ́". Lábẹ́ kín ni? Lábẹ́ tábìlì àbí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Ọmọ náà wà lókè, kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀ ju òrùlé lọ, ẹ ní ó ń yí lábẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé e jáde kàn rí "under" nínú "under-rotation" tí òyìnbó ń pè é ni, ó bá ṣí díkíṣọ́nárì, ó bá "abẹ́" níbẹ̀, ó sì fà á yọ láì bi ara ẹ̀ léèrè bóyá ọmọ Yorùbá kankan lè gbọ́ ọ kó yé e.

Àwọn tó ń pè é ní "ọ́ńdáróòtéṣọ̀n" sàn díẹ̀ lójú tèmi, wọn ò ṣáà parọ́, òyìnbó ni wọ́n ń sọ, wọ́n kàn wọ agbádá fún un ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún ìyá àgbà kan ní Pàkátà ní Ìlọrin, kẹ́ ẹ wá wo bí wọ́n ṣe máa wò yín.

Èmi, àyíkù ni mò ń pè é. Oúnjẹ tá ò jẹ tán, àjẹkù. Omi tó ṣẹ́ kù nínú ife, àmukù. Aṣọ tẹ́nìkan ti wọ̀ kó tó dé ọwọ́ wa, àlòkù. Ọmọdé ti mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ kó tó wọ iléèwé, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Tí ọmọ kan bá wá ní kóun yí ẹ̀ẹ̀mẹta lókè, tó balẹ̀ nígbà tí yíyí náà ò tíì tán, àyíkù ló ṣe yẹn, kín ló tún le níbẹ̀?

Tíṣà kan láti Ọ̀mù-Àrán, mo bọ̀wọ̀ fún wọn o, ìwé ń bẹ lórí wọn gan-an, wọ́n ní rárá. Wọ́n ní àjẹkù ni oúnjẹ tó kù nínú abọ́, kì í ṣe èyí tó ti wọ ikùn, nítorí náà apá tí ọmọ náà ò yí ló máa jẹ́ àyíkù, kò lè jẹ́ orúkọ fún fífò náà fúnra ẹ̀, pé "àìyípé" ló tọ́. Ọ̀gá mi, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ wo àlòkù: ṣé apá tí wọn ò tíì lò lára mọ́tò là ń pè ní àlòkù ni? Ṣebí odindi mọ́tò ni. Ká tiẹ̀ wá gbà fún yín, apá tó kù yẹn gan-an làwọn adájọ́ ń wọ̀n, òun ni wọ́n fi ń gé máàkì. "Àìyípé" yín kò sọ nǹkan pàtó. Ọmọ tó fẹ́ yí mẹ́ta tó já lókè tó yí ẹ̀ẹ̀kan péré, ìyẹn náà ò yí pé, ṣùgbọ́n kì í ṣe àyíkù, fífò ẹlẹ́ẹ̀kan ni wọ́n máa kà fún un, ó parí. Ẹni tó ṣubú ńkọ́? Èèyàn lè yí gbogbo ẹ̀ pé pérépéré kó tó fìdí gúnlẹ̀, wọ́n á yọ máàkì ìṣubú ṣùgbọ́n àyíkù kọ́. Ẹlòmíràn sì wà tó máa balẹ̀ ṣinṣin tó máa rẹ́rìn-ín sáwọn èèyàn, tó jẹ́ pé òun gan-an ló ṣe àyíkù. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń bínú sádájọ́ lórí ohun tí kò yé wọn.

Ẹ wo ìyá onígàrí kan ní ọjà Ìpàta. Kóńgò wà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀yin ń wò. Kí wọ́n tó bu gàrí kankan sí i, wọ́n ti ki nǹkan bọ̀ ọ́ nídìí, ìdí kóńgò ti ga. Tó bá wá kù díẹ̀ kó kún, wọ́n á fi ọwọ́ kan gbá etí ẹ̀ mú, wọ́n á ṣe orí ẹ̀ ṣóńṣó, lójú yín ó kún, ó tiẹ̀ tún ń dà nù, ẹ sanwó kóńgò kan. Ẹ délé ẹ tún un wọ̀n, kò pé. Bọ́mọ yẹn náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Kó tó kúrò nílẹ̀ ló ti fi ẹsẹ̀ yí díẹ̀ lórí yìnyín, ìdí kóńgò nìyẹn. Nígbà tó ń bọ̀ nílẹ̀, irin bàtà ẹ̀ ti kan yìnyín kó tó wá rọra yí ìyókù parí nílẹ̀, orí ṣóńṣó nìyẹn. Gàrí tó wà láàárín nìkan ló yẹ kí wọ́n sanwó fún. Ohun tó máa ń dùn mí ni pé ti ìdí kóńgò, àwọn adájọ́ sábà máa ń fojú fò ó, ti orí ni wọ́n ń lé.

Àwọn mẹ́ta ló ń ṣe ìdájọ́ yìí, wọn kì í ṣe àwọn tó ń fún wọn ní máàkì ẹwà, fídíò ni wọ́n ń dá padà wò díẹ̀díẹ̀. Tí ohun tó kù bá ju ìdámẹ́rin òbíríkítí kan lọ ṣùgbọ́n tí kò tó ìlàjì, ọmọ náà á gba ìdá 80 nínú 100 máàkì fífò náà. Tó bá tó ìlàjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á kà á bíi pé ó ti fẹ́ yí ẹ̀ẹ̀kan dín ni. Ẹ wo Triple Axel, irú fífò kan ni: èyí tó pé, máàkì 8.00 ni, àyíkù ẹ̀ di 6.40, èyí tó kù tó ìlàjì á di double Axel lásán, 3.30. (Axel tí wọ́n ní mẹ́ta yìí, mẹ́ta ààbọ̀ ni o, torí iwájú ni wọ́n ti ń fò ó, Axel Paulsen ọmọ Norway ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1882.) Àmì q tún wà fún èyí tó kù ní ìdámẹ́rin géérégé, mi ò ní da ara mi láàmú lórí ìyẹn.

Kí ló wá dé tó jẹ́ láàárín àwọn ọmọbìnrin júníọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù? Ara ni. Júníọ̀ ni ẹni tó ti pé 13 tí kò tíì pé 19 kó tó di ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún ìdíje. Ọmọ ọdún 13 fúyẹ́, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kíá ló ń yí. Miki Ando ọmọ Jàpáàn yí ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú fífò kan ní ìdíje júníọ̀ ní 2002, obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe é. Alexandra Trusova ọmọ Rọ́ṣíà ṣe irú fífò ẹlẹ́ẹ̀mẹrin bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú eré kan ṣoṣo ní Sofia ní 2018, ọmọ ọdún 13 ni. Ṣùgbọ́n èjìká máa ń fẹ̀, ìdí máa ń gbilẹ̀, ara tó fẹ̀ sì máa ń pẹ́ yí, bẹ́ẹ̀ àsìkò tí wọ́n ń lò lókè kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan, kì í gùn sí i torí pé ẹnìkan dàgbà. Fífò tó pé lọ́dún tó kọjá á wá di àyíkù lọ́dún yìí, ọmọ náà ò sì yọ̀lẹ o.

Láyé ìjọsí, wọ́n máa ń tètè sá gòkè lọ sí sẹ́níọ̀ kí ara wọn tó yí padà, ọmọ ọdún 15 ni wọ́n ń béèrè. Ní 2022, àjọ ISU tó ń darí eré orí yìnyín lágbàáyé pàdé ní Phuket ní Thailand, wọ́n ní kó di 16, lẹ́yìn náà 17. Nítorí náà àwọn tó mọ̀ ọ́n jù ń pẹ́ ní júníọ̀. Mao Shimada ọmọ Jàpáàn gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé júníọ̀ ní 2023, 2024 àti 2025 léraléra, síbẹ̀ kò lè lọ Òlíḿpíìkì Milan 2026, torí oṣù Kẹwàá 2008 ni wọ́n bí i.

Nínú Junior Grand Prix, ìyẹn ọ̀wọ́ ìdíje àwọn júníọ̀, ìdíje méjì péré lẹnìkan lè lọ, ẹni àkọ́kọ́ gba pọ́ìntì 15, ẹnì kejì 13, àwọn mẹ́fà tó pọ̀ jù ló ń lọ àṣekágbá, àyíkù kan sì lè sọ ẹni àkọ́kọ́ di ẹnì kejì. Fífò mẹ́ta tó kẹ́yìn nínú eré gígùn tún máa ń gba ìdá 10 lé, tí wọ́n bá ṣe é nígbà tí eré ti kọjá ìdajì, ibi tó ti ń rẹ̀ wọ́n náà ni wọ́n ti ń fò ó.

Ọ̀fẹ́ ni ISU ń gbé Junior Grand Prix yìí sórí YouTube, dátà nìkan lẹ máa wá. Tí ọmọ kan bá fò tí iná yẹ́lò sì tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ máàkì ẹ̀, wọ́n ṣì ń yẹ fídíò wò nìyẹn, ẹ má tíì kọ nǹkan kan.