Ṣé Ọmọ Tó Bá Mọ Ẹ̀tọ́ Rẹ̀ Yóò Máa Rí Àgbà Fín?

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má là wọ́n lójú jù." Ìyá ọmọ kan ló sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn nípa ẹ̀tọ́ ọmọdé. Kò bínú rárá. Ẹ̀rù ló ń bà á pé ọmọ tó bá ti gbọ́ "ẹ̀tọ́" kò ní gbọ́ràn mọ́, pé yóò máa gbó àgbà lẹ́nu, àti pé ọgbọ́n òyìnbó ni gbogbo rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti gbọ́ ọ ní mọ́ṣáláṣí, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwa olùkọ́ pàápàá.

Òfin náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Abala 19 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003 gbé ojúṣe lé ọmọ lọ́rùn: kí ó wá ìṣọ̀kan ẹbí rẹ̀, kí ó bọ̀wọ̀ fún òbí àti àgbà nígbà gbogbo, kí ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́ bí wọ́n bá nílò rẹ̀. Kì í ṣe òyìnbó ló kọ ọ́ síbẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ kan náà ti wà ní abala 31 ìwé àdéhùn tí àwọn ìjọba Áfíríkà jọ ṣe lórí ọmọdé ní 1990. Ẹni tó bá kọ́ ọmọ ní òfin náà dé ìdí ti kọ́ ọ ní ọ̀wọ̀.

Àìmọ̀ ló yẹ kó bà wá lẹ́rù. Lọ́jọ́ tí a ń sọ̀rọ̀ nípa ìfàṣẹ-ọba-múni, ọmọbìnrin kan nawọ́. Ó ń fi báírò họ tábìlì bó ṣe ń béèrè: "Bí wọ́n bá wá ẹ̀gbọ́n mi wá, tí wọn ò bá a nílé, ṣé wọ́n lè mú màmá mi?" Kíláàsì pa rọ́rọ́. Abala 7 òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ẹlòmíràn dípò ẹni tí a fẹ̀sùn kàn. Abala 35 ìwé òfin Nàìjíríà ní kí wọ́n kọ ẹ̀sùn fún ẹni tí wọ́n bá mú láàárín wákàtí 24, ní èdè tó yé e, ó sì lè dákẹ́ títí yóò fi rí lọ́yà tàbí ẹni tó bá fẹ́. Ọmọ náà kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé rẹ̀, ó ní òun fẹ́ kà á fún màmá òun.

Ní 1964, ní ìpínlẹ̀ Arizona lÁmẹ́ríkà, ọlọ́pàá mú Gerald Gault, ọmọ ọdún 15, nítorí aládùúgbò kan ní ó sọ ìsọkúsọ sí òun lórí fóònù. Ibi iṣẹ́ ni àwọn òbí rẹ̀ wà, wọn ò sì fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wọn. Kò ní lọ́yà. Obìnrin tó fẹjọ́ sùn kò yọjú sí kóòtù. Adájọ́ ní kí wọ́n tì í mọ́lé títí yóò fi pé ọdún 21. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ló ṣe é, owó ìtanràn tí kò ju 50 dọ́là lọ ni, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù méjì lọ! Ní 1967 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ tó dá a láre, tó ní ọmọdé náà ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹ̀sùn rẹ̀, láti ní lọ́yà, àti láti dákẹ́.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Georgetown bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé gíríámà ní Washington ní òfin. Ẹ̀kọ́ náà dé Durban ní South Africa nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣì wà lórí àlééfà. Láti 2002 ni England náà ti fi ẹ̀kọ́ ọmọ ìlú sínú iṣẹ́ ọ̀ranyàn fún ọmọ ọdún 11 sí 16.

Èmi máa ń fi ọmọ kan ṣe ọlọ́pàá, òmíràn a ṣe ẹni tí wọ́n dá dúró lójú títì. Igbe ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pa. Mo á ní kí wọ́n tún un ṣe. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọkùnrin kékeré kan na ọwọ́ méjèèjì síta kí wọ́n lè rí i, ó tẹrí ba, ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni mo ṣe? Ẹ bá mi pe bàbá mi kí n tó sọ ohunkóhun." Ẹni tó ń ṣe ọlọ́pàá yíjú sí mi, kò mọ ohun tó máa sọ.