Inú Páálí Ni Wọ́n Ti Yọ Ọ́, Kí Ló Wá Wà Nínú Rẹ̀?

Bí ilé-ìwé bá ti fẹ́ wọlé, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń gbọ́ láti Ìsánlú títí dé Kàbà: "Ra laptop tuntun fún ọmọ, àlòkù kì í tọ́jọ́." Ó ń dùn mí, torí owó kajú àti owó iṣu làwọn òbí wa ń kó lé e lórí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan gbé laptop ọmọ rẹ̀ wá bá mi lọ́dún tó kọjá. Oṣù mẹ́rin péré ni wọ́n tíì lò ó. Ọ̀rá ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì ṣí tán. Ó ní, "Àbúrò, tuntun ni o. Èmi fúnra mi ni mo já páálí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí bá tẹ ọ̀rọ̀, ó dìgbà tó bá wù ú kó tó jáde." Mo tàn án, mo ṣí Word, mo ṣí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sí i, ló bá gan pa. Mo yẹ inú rẹ̀ wò: Celeron N4020 ni ọpọlọ rẹ̀, RAM tó ń gbé iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ jẹ́ 4GB, eMMC tó ń kó fáìlì pamọ́ sì jẹ́ 64GB. Àyè tó ṣẹ́ kù kò gba àtúnṣe tí Windows fẹ́ ṣe sí ara rẹ̀ mọ́.

Kò sẹ́ni tó rẹ́ wọn jẹ, tuntun ni lóòótọ́. Àmọ́ ọdún 2019 ni iléeṣẹ́ Intel gbé Celeron yẹn jáde, fún ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí kò ní fa iná púpọ̀, core méjì péré ló sì ní, ìyẹn apá tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ ẹ̀rọ. Core i5-8250U, ọpọlọ ẹ̀rọ Intel mìíràn, ti jáde láti 2017, core mẹ́rin ló ní. Nítorí náà, tòkunbọ̀ ọdún 2018 tó bá ní i5 yìí, bíi Dell Latitude 5490, HP EliteBook 840 G5 tàbí Lenovo ThinkPad T480, yóò fi tuntun ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ pátápátá. A lè tú ẹ̀yìn wọn, ká fi RAM kún un, ká pààrọ̀ SSD tó ń kó fáìlì pamọ́. Ní ti eMMC, wọ́n ti jó o mọ́ pátákó ẹ̀rọ. Bó ṣe wá náà ni yóò ṣe wà.

Nọ́ńbà ni ọ̀rọ̀ wá ti ń le, àwọn tó fara mọ́ àlòkù pàápàá ń ṣìnà níbẹ̀. Wọ́n á ní, "Core i5 ni," ó tán. i5 wo? Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń ṣe i5. Orúkọ ìdílé ni, kì í ṣe ọjọ́ orí. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni kẹ́ ẹ kà. i5-2520M, 2 ló fi bẹ̀rẹ̀: ìran kejì nìyẹn, ọdún 2011. i5-6300U, ìran kẹfà. i5-8250U, ìran kẹjọ. Bó bá jẹ́ 10210U tàbí 1135G7, méjì àkọ́kọ́ lẹ máa kà pọ̀: ìran kẹwàá, ìran kọkànlá. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀, Windows 11 kò gba Intel tí kò tó ìran kẹjọ, Microsoft sì ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025. Àwọn kan ń dọ́gbọ́n gbé Windows 11 sórí ti ìran kẹrin, yóò sì ṣí. Ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí pé àtúnṣe á máa dé sí i. Ẹ má sì gba sítíkà ara ẹ̀rọ gbọ́, èékánná lásán ló ń ṣí i, òmíràn sì rọrùn láti lẹ̀. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kẹ́ ẹ lọ sí Performance. Orúkọ rẹ̀ gan-an wà níbẹ̀.

"Refurbished" náà kò yé ọ̀pọ̀ nínú wa. Ohun tó yẹ kó jẹ́ ni pé ẹnì kan yẹ ẹ̀rọ wò, ó pààrọ̀ èyí tó bàjẹ́, ó sì dúró fún un bí ó bá tún yọnu. Púpọ̀ nínú èyí tí mo ti tú, wọ́n kàn nù ún ni, inú rẹ̀ kún fún eruku ibi tó ti wá. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á ṣí Command Prompt, fèrèsé tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ, níṣojú yín, kó tẹ powercfg /batteryreport; fáìlì tó máa gbé jáde ló máa sọ bí bátìrì ṣe lókun tó. Ọ̀kan tí mo yẹ̀ wò, bátìrì tí wọ́n ṣe láti gba iná 50,000 mWh kò gbà ju 21,000 lọ mọ́. Kò tó ìlàjì, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ bí iná wa ṣe rí. Ẹ wọ BIOS rẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn ètò tó máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ kí Windows tó ṣí. Bó bá béèrè pásíwọọ̀dù tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, iye yòówù kó pè é.

Mi ò ní kí gbogbo ayé máa ra àlòkù o. Bí owó bá tó tuntun tó ní Core i3 ìran kejìlá, RAM 8GB àti SSD, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn á tún un ṣe láàárín ọdún kan bó bá bàjẹ́, ó ṣeé ṣe kó sàn jù, pàápàá fún ọmọ tó ń lọ síbi tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Bí owó kò bá tó bẹ́ẹ̀, tòkunbọ̀ ìran kẹjọ sókè ni èmi á kọ́kọ́ wò, bí bátìrì rẹ̀ bá ṣì lókun.

Ẹ̀gbọ́n mi béèrè bóyá a lè fi RAM kún tiwọn. Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi ìka hàn án: òun náà, wọ́n ti jó o mọ́ pátákó. Ó wò ó títí. Ó ní kí ọmọ ṣì máa fi tẹ iṣẹ́ ná, ó di kajú ọdún tó ń bọ̀. Mo kọ "8 sókè" sẹ́yìn ìwé ọmọ náà kí wọ́n tó lọ wọ mọ́tò Ìsánlú.