Ẹ wo àwọ̀ omi náà kí ẹ tó ra sìmẹ́ńtì

Òjò àrọ̀kúrò ti ń rọ̀ láti òru mọ́jú nígbà tí ìyá kan tó ń sin ẹja lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó pè mí lórí fóònù. "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ o. Omi ń sun lẹ́sẹ̀ dáàmù wa." Mo bi wọ́n pé, "Mà, ṣé omi náà mọ́ gaara ni àbí ó rú?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Háà, mi ò tiẹ̀ wo ìyẹn."

Mo ní kí wọ́n wá ìgò funfun kan, kí wọ́n fi bu omi náà níbi tó ti ń jáde gan-an, kí wọ́n gbé e kalẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má mì í. Nígbà tí mo dé, ìgò náà wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Omi òkè rẹ̀ ti mọ́, ṣùgbọ́n erùpẹ̀ pupa ti sùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó nípọn tó èékánná àtàǹpàkò mi. Inú ògiri dáàmù ni erùpẹ̀ yẹn ti wá. Ọmọ wọn ọkùnrin sì ti ra àpò sìmẹ́ńtì méjì, ó ti ń pò ó lọ́wọ́, ó fẹ́ fi dí ojú ibẹ̀ pa. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní dáàmù erùpẹ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ gbọ́, torí mo ti bá a pàdé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Kò sí dáàmù erùpẹ̀ tí omi kì í gba inú rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀. Bí omi tó ń sun lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bá mọ́ gaara, tí kò sì pọ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ, ẹ máa ṣọ́ ọ, ẹ má fòyà. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀, ẹ wo iye ìṣẹ́jú tó fi kún, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá rú, erùpẹ̀ ló ń kó jáde. Ibi tó ti ń jáde ló ti ń bẹ̀rẹ̀, a sì máa gbẹ́ ihò náà padà sẹ́yìn bí òkété ṣe ń gbẹ́lẹ̀, títí yóò fi já sínú adágún. Bó bá ti já, kì í pẹ́ mọ́. Ní dáàmù Teton, ní ìpínlẹ̀ Idaho ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 1976, àárọ̀ ni wọ́n rí omi ẹlẹ́rẹ̀ tó ń tú jáde. Wọ́n gbé katapílà wá láti fi ti erùpẹ̀ dí i, ihò náà gbé katapílà mì. Kó tó di aago méjìlá ọ̀sán, dáàmù tó ga ju 90 mítà lọ ti ya. Ènìyàn 11 ló kú.

Bí ẹ bá fi sìmẹ́ńtì bo ojú ibi tí omi ti ń jáde, ihò ṣì wà nínú. Omi tí ò rí ọ̀nà mọ́ yóò máa ga sí i nínú ògiri, yóò rẹ ẹ́ gbingbin, yóò sì wá ibòmíràn gbà, níbi tí ẹ ò ní tètè rí. Ohun tí a ń wá ni kí omi máa lọ, kí erùpẹ̀ dúró. Ẹni tó bá ti ṣe gàrí rí mọ̀ ọ́n. Ẹ wo àpò ẹ̀gẹ́ lábẹ́ jáàkì: omi ń ro wàràwàrà, ẹ̀gẹ́ ò bá a jáde. Irú àpò bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fún dáàmù ìyá yìí. A da yanrìn líle, èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń po kọnkéré, sórí ibi tí omi ti ń sun, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ó sì fẹ̀ kọjá ibẹ̀ yí ká. A da gíráníìtì wẹ́wẹ́ lé e, a wá to òkúta ńlá lé gbogbo rẹ̀ lórí kó má baà ṣí. Lẹ́yìn náà, a ṣí páìpù ìsàlẹ̀ kí adágún lè fà, ṣùgbọ́n a ò jẹ́ kó fà ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ lóòjọ́. Bí ẹ bá tú u dànù lẹ́ẹ̀kan náà, ògiri tó ti rin yóò ya lulẹ̀ sínú adágún, torí omi tó ń gbé e ró ti lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, a tún bu omi sínú ìgò. Kò sí erùpẹ̀ nínú rẹ̀.

Àmọ́ kí n tó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí mo ṣe ń rìn yí dáàmù ká, mo rí ohun tó bà mí lẹ́rù ju ìsun yẹn lọ. Wọ́n na àwọ̀n dí ọ̀nà àkúnya, ibi tí omi tó bá ti pọ̀ jù ń gbà kúrò, kí ẹja má baà bá omi lọ. Ewé, ẹ̀ka igi àti òṣíbàtà ti lẹ̀ mọ́ àwọ̀n náà pátápátá. Láti ojú omi sí orí ògiri kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ mọ́. Ó yẹ kó tó mítà kan, ó kéré tán, nígbà gbogbo.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọkàn sí èyí. Kọnkéré lè fara da omi tó gba orí rẹ̀ kọjá. Erùpẹ̀ ò lè ṣe é. Omi á kọ́kọ́ fọ koríko ẹ̀yìn ògiri, á gbẹ́ gọ́tà kékeré, gọ́tà á di kòtò, ó parí nìyẹn. Ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, àwọn olówó kan ra adágún kan fún ìgbádùn ara wọn, wọ́n fi irin dí ọ̀nà àkúnya kí ẹja wọn má lọ, wọ́n sì gé orí ògiri wálẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lè rọ́nà gbà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 1889, òjò ńlá rọ̀, pàǹtí dí ojú irin náà, dáàmù ya, ó sì pa ènìyàn 2,209 ní ìsàlẹ̀.

Mo mọ iye tí oúnjẹ ẹja ń náni, n kò sì fi ojú kékeré wo ẹja tó bá omi lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbẹ́ kòtò ẹja sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ máa fi páìpù fa omi dáàmù sí i. Ọ̀nà àkúnya ní tirẹ̀, orí ilẹ̀ tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ dá síbẹ̀ ni kí ẹ gé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kì í ṣe lórí erùpẹ̀ tí ẹ kó jọ. Àwọn tó ń to àpò yanrìn síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí omi lè pọ̀ sí i, ẹ kó o kúrò kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Àrọ̀kúrò ni kí ẹ sì bẹ̀rù jù, torí adágún ti kún, ilẹ̀ ti mu omi yó, gbogbo ohun tó bá rọ̀ ló ń ṣàn wá.

Àwọn kan á ní, "Dáàmù abúlé lásán ni." Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí adágún bá gùn ní 200 mítà, tó fẹ̀ ní 60 mítà lẹ́bàá ògiri, tó sì jìn ní mítà 4 níbẹ̀, ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ lára wọn, kí ẹ pín in sọ́nà mẹ́fà. Ó súnmọ́ 8,000 mítà oníhà mẹ́ta omi, ìyẹn 8,000 tọ́ọ̀nù. Ẹgbẹ̀rin típà tó ń ru tọ́ọ̀nù mẹ́wàá-mẹ́wàá ló dúró lókè ilé àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ fún mi pé àwọn baba wa mọ Erédò Ṣùǹgbọ́, ògiri erùpẹ̀ àti yàrà àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, ó ju 160 kìlómítà lọ, ó sì ṣì wà títí dòní. Òótọ́ ni, orí mi sì máa ń wú nígbàkigbà tí mo bá dúró nínú yàrà rẹ̀. Ṣùgbọ́n Erédò ò gbé adágún dúró. Ògiri tí omi fẹ̀yìn tì tọ̀sán-tòru, iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀.

Láti Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè lọ sókè, àpáta ló wà lábẹ́ ilẹ̀. Bí a bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ gba Ìjẹ̀bú-Òde àti ọ̀pọ̀ ibi ní Rẹ́mọ, yanrìn ló pọ̀, ó sì gba kí a gbẹ́ yàrà sábẹ́ ògiri títí a ó fi kan ilẹ̀ tí omi ò lè gbà kọjá, kí a wá fi amọ̀ kún un. Ìpele-ìpele ni kí a máa da erùpẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má nípọn ju 15 sẹ̀ǹtímítà lọ, kí róòlà tẹ̀ ẹ́ kí a tó da òmíràn. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé tí a tú ògiri ìyá yìí, a rí i pé ẹni tó gba iṣẹ́ náà kò tẹ erùpẹ̀ yí páìpù ká rárá. Ọwọ́ mi wọ àárín páìpù àti ògiri títí dé ìgbọ̀nwọ́. Gbòǹgbò ọparun tí wọ́n gbìn sórí ògiri náà ti wọ ibẹ̀. Koríko kúkurú nìkan ni kó wà lórí dáàmù. Igi á kú lọ́jọ́ kan, gbòǹgbò á jẹrà, á di ihò. Ẹ máa wo ihò òkété àti ilé ikán náà.

Ní ti ìlò, ata, ẹ̀fọ́ àti ilá ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pa owó jù lára ohun tí mo ti rí. Fún màlúù, ẹ ṣe ọpọ́n ìmumi sísàlẹ̀ kí wọ́n má baà fẹsẹ̀ tẹ ògiri wó. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe dáàmù odò Ọyán, àtọ̀sí ajá gbilẹ̀ ní àwọn abúlé etí rẹ̀, torí ìgbín omi tó ń gbé kòkòrò rẹ̀ fẹ́ràn omi tó dúró. Bí ọmọ bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Oògùn rẹ̀ wà.

Dáàmù ìyá náà ti dúró padà. A ri òpó kan mọ́lẹ̀ sínú omi, a fi ọ̀dà fàlà sí i. Láràárọ̀, kí ọmọ-ọmọ wọn obìnrin tó lọ sílé ìwé, á wo ìlà tí omi dé, á bu omi ìsun sínú ìgò, á kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó fi tòní ránṣẹ́ sí mi: "Ìlà 7. Ó mọ́."